Èsì méjì láti ìpínlẹ̀ kan: ohun tí ìbò Amẹ́ríkà ti 1876 ń sọ fún wa nípa 2021

Àlàbí_Onítàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí àwọn alátìlẹyìn Donald Trump ya wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 6 oṣù Kíní 2021, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ti yíya wọ ilé, mo gbà. Láti ìgbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dáná sun ilé náà ní 1814, kò tún sí èrò tó fipá wọ ibẹ̀ báyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé wọn débẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ta ló láṣẹ láti ka ìbò ààrẹ? Bí èsì méjì bá ti ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo wá, èwo ni kí wọ́n gbà? Ìbéèrè méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun abẹ́lé mìíràn sílẹ̀ ní 1877. Bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀ nígbà náà ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí títí di 2021, òun ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Fún ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ: kì í ṣe ààrẹ gan-an ni ará Amẹ́ríkà ń dìbò yàn lóṣù Kọkànlá. Àwọn aṣojú-olùdìbò ni wọ́n ń yàn, ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iye tó kan ìpínlẹ̀ ni iye ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin tó ní, kí a wá fi 2 kún un fún àwọn aṣòfin àgbà rẹ̀. Lónìí, 538 ni gbogbo wọn, ẹni tó bá kó 270 ló wọlé. Ní 1876, 369 ni, 185 ló ń gbé èèyàn wọlé. Lóṣù Kejìlá, àwọn aṣojú wọ̀nyí á pàdé nínú ìpínlẹ̀ wọn, wọ́n á dìbò, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí olórí ilé aṣòfin àgbà, ìyẹn igbákejì ààrẹ.

Ibi tí àlàfo wà nìyí. Àtúnṣe Kejìlá sí ìwé òfin, èyí tó di òfin ní 1804, sọ pé olórí ilé aṣòfin àgbà ni kó ṣí gbogbo ìwé ẹ̀rí náà lójú ilé méjèèjì, lẹ́yìn náà kí wọ́n ka ìbò. Ó tán síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "wọ́n" lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹni tó ṣí i náà ni yóò kà á? Àbí ilé méjèèjì? Bí ilé kan bá gbà, tí èkejì kọ̀ ńkọ́? Òfin kò sọ.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1876, Samuel Tilden ti ẹgbẹ́ Democrat, gómìnà New York, figa gbága pẹ̀lú Rutherford Hayes ti Republican, gómìnà Ohio. Nínú ìbò aráàlú, Tilden fi nǹkan bí 250,000 ju Hayes lọ. Aṣojú 184 ni kò sí ẹni tó jiyàn pé ti Tilden ni. Ẹyọ kan péré ló kù kó wọlé. Hayes ní 165. 20 tó kù ni ìjà dé lé: Louisiana 8, South Carolina 7, Florida 4, Oregon 1. Hayes gbọ́dọ̀ kó gbogbo 20 náà láìku ẹyọ kan. Ó sì kó wọn, 185 sí 184.

Baba_Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàbí. Ohun kan kò yé mi. Báwo ni ìpínlẹ̀ kan ṣe ń fi èsì méjì ránṣẹ́? Ṣé kì í ṣe gómìnà kan ló ń fọwọ́ sí i ni? Ẹ tún bá mi sọ ọ́ bóyá ojóró ni wọ́n ṣe, àbí àríyànjiyàn òfin lásán ni.

Adúkẹ́_Amòfin

Ojóró wà, ìpànìyàn wà, àríyànjiyàn òfin náà wà, Baba Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, Àtúnṣe Karùndínlógún ti 1870 ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Republican ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń dìbò fún. Ní gúúsù, àwọn Democrat aláwọ̀ funfun pinnu pé wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n débi àpótí. Ní Hamburg, South Carolina, lóṣù Keje 1876, àwọn òǹyìnbọn aláwọ̀ funfun kọlu ẹgbẹ́ aláàbò ìlú tó jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì pa àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Ní káúńtì Edgefield (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ìbò tí wọ́n kà ju iye ọkùnrin tó tó dìbò lọ.

Kò tún sí ìwé ìdìbò ìjọba nígbà náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ tirẹ̀ tó ń pín in. Àwọn Democrat ní àwọn ibì kan tẹ àwòrán Lincoln, ààrẹ Republican àtijọ́, sórí ìwé tiwọn kí ẹni tí kò mọ̀wé lè rò pé ti Republican ni. Ọdún 1888 ni Massachusetts kọ́kọ́ ṣòfin pé ìjọba ni kó tẹ ìwé ìdìbò fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà, kí èèyàn sì máa dìbò níkọ̀kọ̀.

Àwọn Republican náà ní irinṣẹ́ tiwọn. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ èsì wò ní Louisiana, South Carolina àti Florida wà lọ́wọ́ wọn, òfin sì fún ìgbìmọ̀ náà láṣẹ láti da ìbò àdúgbò tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀ nù. Wọ́n dà á nù dáadáa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbò. Ìdájọ́ òdodo ni nínú àwọn káúńtì kan. Ní ibòmíràn, wọ́n kàn ń gé e títí yóò fi bá iye tí Hayes nílò mu. Títí dòní kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹni báyìí ni ìbò tó mọ́ ì bá gbé wọlé, nítorí ìbò tó mọ́ kò sí. Bí wọ́n bá jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú dìbò láìsí ìbọn, èrò tèmi ni pé Hayes ì bá gba South Carolina àti Louisiana láìsí wàhálà.

Ní ti èsì méjì: ní Louisiana, ọkùnrin méjì ló ń pe ara wọn ní gómìnà, kálukú fọwọ́ sí tirẹ̀. Ní Florida, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni, Republican méjì àti Democrat kan. Èyí Democrat, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí fún Tilden. Nígbà tó di oṣù Kíní tí gómìnà Democrat wọlé, ó tún fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́. Oregon ló yàtọ̀. Hayes ló jẹ ibẹ̀ láìjiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn aṣojú rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, ìwé òfin sì ní ẹni tó bá ń gba owó ipò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ aṣojú-olùdìbò. Gómìnà Democrat yọ ọ́, ó fi Democrat sí i. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ṣoṣo ni ipò ààrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mákinwá

Adúkẹ́, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀ yẹn.

Ilé aṣòfin àgbà wà lọ́wọ́ Republican, ilé aṣojú-ṣòfin wà lọ́wọ́ Democrat. Igbákejì ààrẹ, Henry Wilson, ti kú ní 1875, nítorí náà Thomas Ferry, Republican láti Michigan, ló ń darí ilé àgbà. Bí Ferry bá nìkan kà á, Hayes wọlé. Bí ilé aṣojú bá ní àṣẹ láti kọ ìwé ẹ̀rí kan, kò sẹ́ni tó máa kó 185, ilé aṣojú náà ni yóò sì yan ààrẹ, ìyẹn Tilden. Kálukú ń ka òfin sí ibi tí yóò ti ṣe é láǹfààní.

Ọjọ́ 29 oṣù Kíní 1877 ni wọ́n ṣòfin láti dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀: aṣòfin àgbà 5, aṣojú-ṣòfin 5, adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ 5. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ó lè jẹ́ Republican 7, Democrat 7, kí adájọ́ kan tí kò ṣẹgbẹ́, David Davis, jẹ́ ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn Democrat ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois dara pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n yan Davis sí ilé aṣòfin àgbà. Ó ní òun ò ṣe adájọ́ ìbò mọ́. Joseph Bradley, Republican, ló bọ́ sáàyè rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìbéèrè tó ṣe kókó ló ń já sí 8 sí 7.

Ẹ wo ìlànà tí wọ́n gbà ṣe é, nítorí ó tún fara hàn ní 2020. Lórí Florida, wọ́n ní àwọn kò ní wádìí kọjá ohun tí ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí. Wọn ò gbọ́ ẹ̀rí ojóró kankan láti ìta. Ìdí tó wà níbẹ̀ lágbára: bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin méjèèjì, bá lè tú àpótí ìpínlẹ̀ wò, kò ní sí ìbò kankan tí yóò parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Oregon, ìwé tí gómìnà fọwọ́ sí ni wọ́n kọ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń ka ìbò ní ìpínlẹ̀ náà ni òfin ìpínlẹ̀ gbé àṣẹ lé lọ́wọ́. Àwọn tó gbè wọ́n lẹ́yìn ní òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé ní ibi méjèèjì. Àwọn tó tako wọ́n ní Hayes ni wọ́n tẹ̀ lé ní ibi méjèèjì. Èmi rò pé nǹkan méjèèjì jẹ́ òtítọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú.

Ìdájí ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1877 ni wọ́n kà á tán. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ ìbúra, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rù ń ba wọ́n pé Tilden lè búra fúnra rẹ̀, nítorí náà Hayes búra níkọ̀kọ̀ nínú ilé ààrẹ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó tó tún un ṣe ní gbangba lọ́jọ́ Ajé.

Ọmọ_Aláró

Ẹ̀yin àgbà, ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n mo ti kà á ní ibi púpọ̀ pé ìdúnàádúrà ni wọ́n ṣe, pé Democrat gbà kí Hayes jẹ ààrẹ bí yóò bá kó ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò ní gúúsù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15? Ọjà ni wọ́n tà.

Àlàbí_Onítàn

Àbúrò, òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀ tó bí àwọn ìwé ilé-ìwé ṣe ń sọ ọ́. Ìpàdé wáyé lóòótọ́, ní òtẹ́ẹ̀lì Wormley ní Washington, ní ìparí oṣù Kejì 1877. Aláwọ̀ dúdú ni James Wormley tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn sì máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dúnàádúrà nínú yàrá rẹ̀. Àmọ́ ìgbìmọ̀ ti dájọ́ lórí Florida àti Louisiana ṣáájú ìpàdé náà. Ohun tó kù fún àwọn Democrat ni kí wọ́n máa fa ọ̀rọ̀ gùn ní ilé aṣojú títí ọjọ́ ìbúra yóò fi kọjá. Olórí ilé náà, Samuel Randall, tó jẹ́ Democrat bíi tiwọn, kọ̀ láti gba àbá tí wọ́n kàn fi ń fi àkókò ṣòfò. Òun ló fòpin sí i.

Ní ti ọmọ ogun, wọn ò kó wọn kúrò ní gúúsù tán bí wọ́n ṣe ń sọ. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìjọba méjì ni wọ́n dá padà sí bárékè: South Carolina lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin, Louisiana lọ́jọ́ 24. Wọn ò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ló mú gómìnà Republican dúró níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kúrò, ìjọba méjèèjì ṣubú.

Adúkẹ́_Amòfin

Ibi tí Ọmọ Aláró fọwọ́ kàn yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ gidi wà, kì í ṣe nínú òtẹ́ẹ̀lì.

Ojú ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn 1877. Wọ́n ṣì ń dìbò ní ọ̀pọ̀ ibi fún bí ọdún mẹ́tàlá. Ní 1890, ilé aṣojú fọwọ́ sí àbá kan tí ìjọba àpapọ̀ yóò fi máa mójú tó ìbò ní gúúsù. Àwọn aṣòfin àgbà fọ̀rọ̀ fà á títí tó fi kú ní 1891. Ní ọdún 1890 yẹn kan náà, Mississippi kọ ìwé òfin tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò á san owó orí dọ́là 2, á sì ka ìpín kan nínú ìwé òfin tàbí kó ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n bá kà á fún un. Òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ló máa sọ bóyá àlàyé náà dára. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ "aláwọ̀ dúdú" síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fi fọwọ́ sí i ní 1898. Louisiana ní tirẹ̀ fi kún un ní 1898 pé ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò kí ó tó di 1867 kò nílò ìdánwò. Ta ni bàbá àgbà rẹ̀ ń dìbò ní Louisiana nígbà yẹn bí kò ṣe aláwọ̀ funfun? Aláwọ̀ dúdú tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ìpínlẹ̀ náà jẹ́ 130,334 ní 1896. Ní 1900, 5,320 ló ṣẹ́ kù.

Ẹ wá wo bí ó ṣe kan iye aṣojú-olùdìbò tí Àlàbí ṣàlàyé lókè. Lákòókò ẹrú, èèyàn ẹrú 5 ni wọ́n ń kà bíi 3 tí wọ́n bá ń pín ìjókòó ilé aṣojú. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ń kà wọ́n pé pérépéré. Nítorí náà ìjókòó gúúsù pọ̀ sí i lórí orí àwọn èèyàn tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dìbò. Àtúnṣe Kẹrìnlá ti 1868 ti sọ pé kí wọ́n dín ìjókòó ìpínlẹ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kù. Wọn ò lò ó rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún 1965 ni òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò dé. Ìpín karùn-ún rẹ̀ pàṣẹ pé àwọn ìpínlẹ̀ tó ní àkọsílẹ̀ burúkú gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ní Washington kí wọ́n tó yí ìlànà ìdìbò kankan padà. Ní Mississippi, aláwọ̀ dúdú tó forúkọ sílẹ̀ fò láti ìdá 6.7 nínú ọgọ́rùn-ún sí 59.8 láàárín ọdún méjì péré. Ní oṣù Kẹfà 2013, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ìpínlẹ̀ tó yẹ kó gba àṣẹ, 5 sí 4. Ìpín karùn-ún ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń mú mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Texas kéde pé òfin káàdì onífọ́tò tí wọ́n ti dì mọ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Káyọ̀dé_77

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ èkejì ọ̀rọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò Trump tó ní Mike Pence, igbákejì ààrẹ nígbà náà, lè yan èsì tí yóò kà kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra wọn. Ní oṣù Kíní 1961, Richard Nixon jẹ́ igbákejì ààrẹ, ó ń ka ìbò. Ìwé ẹ̀rí tó ta kora dé láti Hawaii, ó yan èyí tó wù ú. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé igbákejì ààrẹ láṣẹ láti yàn ni? Tí Nixon bá lè ṣe é, kí ló dé tí Pence kò lè ṣe é?

Adúkẹ́_Amòfin

Ìbéèrè tó dára ni, Káyọ̀dé, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Hawaii ní aṣojú 3 ní 1960. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á, Nixon fi ìbò tí kò tó 150 gbapò iwájú, gómìnà sì fọwọ́ sí i. Kóòtù ní kí wọ́n tún un kà. Kí ó tó parí, ọjọ́ ìpàdé àwọn aṣojú pé, ẹgbẹ́ méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé tiwọn. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Kennedy ló fi ìbò 115 borí. Kóòtù dájọ́, gómìnà wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tuntun fún àwọn aṣojú Kennedy. Ìyẹn ni Nixon gbà. Ó gbà á *lòdì sí ara rẹ̀*, ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni takò ó, kò sẹ́ni tó takò, ó sì sọ lójú gbogbo ilé pé kí wọ́n má fi ohun tí òun ṣe ṣe àwòkọ́ṣe. Ìpínlẹ̀ ló yan èsì, Nixon kà á.

Ní 2020, ẹgbẹ́ Trump ṣe ìwé ẹ̀rí ní ìpínlẹ̀ 7: Arizona, Georgia, Michigan, Nevada, New Mexico, Pennsylvania, Wisconsin. Kò sí gómìnà tó fọwọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, kò sí kóòtù tó dá wọn láre. Àwọn ti New Mexico àti Pennsylvania tilẹ̀ kọ ọ́ sínú tiwọn pé ìwé náà yóò wúlò bí kóòtù bá dá àwọn láre. Àwọn márùn-ún yòókù búra gbáà pé àwọn ni aṣojú tòótọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń dúró de ìdájọ́ àti ẹni tó ń parọ́ nìyẹn.

Ìwé tí John Eastman, agbẹjọ́rò Trump, kọ fún Pence ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: ìpínlẹ̀ 7 náà ní aṣojú 84. Yọ wọ́n kúrò nínú 538, ó ku 454. Trump ní 232, Biden 222. Kí Pence kéde pé Trump ló wọlé. Bí àwọn Democrat bá pariwo pé 270 ni òfin ní kí èèyàn kó, kí ó gbé e lọ sí ilé aṣojú, níbi tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan ṣoṣo, tí Republican sì ní ìpínlẹ̀ 26. Àlàfo "kí wọ́n ka ìbò" ti 1804 ló gbà wọlé.

Baba_Ìbejì

Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń ka ìṣirò yẹn. Ó dáa, wọ́n ti mọ àlàfo náà láti 1877. Kí ni wọ́n ṣe sí i láàárín ọdún yẹn sí 2021?

Mákinwá

Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jà kí wọ́n tó ṣòfin, ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1887. Òfin náà lọ́jú pọ̀ gan-an. Ó ní bí ìpínlẹ̀ bá parí àríyànjiyàn rẹ̀ ní ọjọ́ 6 ṣáájú ìpàdé àwọn aṣojú, kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbà á. Ó ní kí ilé méjèèjì fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè kọ ìbò kan. Bí èsì méjì bá dé tí ilé méjèèjì sì yapa, èyí tí gómìnà fọwọ́ sí ni kó dúró. Ó dára tí gómìnà bá jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀: aṣojú-ṣòfin 1 àti aṣòfin àgbà 1 péré ló tó láti dá kíkà dúró, kí ilé méjèèjì tú ká lọ jiyàn fún wákàtí méjì.

Wọ́n lò ó ní 1969 lórí aṣojú kan láti North Carolina tó yí ìbò rẹ̀ padà, àti ní 2005 lórí Ohio. Àwọn Democrat ló lò ó ní 2005, ẹ má jẹ́ ká fi pamọ́. Ìbò 1 sí 74 ni ilé àgbà fi dà á nù. Ní 2021, wọ́n lò ó lórí Arizona àti Pennsylvania. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lé àwọn èrò jáde, tí wọ́n padà jókòó lálẹ́ náà, aṣojú-ṣòfin 138 ṣì dìbò pé kí wọ́n da ìbò Pennsylvania nù. 282 ló kọ̀. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n parí, 306 sí 232.

Oṣù Kejìlá 2022 ni wọ́n tó tún òfin náà kọ. Ohun tó yí padà ṣe kókó:

Iṣẹ́ igbákejì ààrẹ jẹ́ ti akọ̀wé lásán. Kò láṣẹ láti gbà, láti kọ̀ tàbí láti yanjú àríyànjiyàn. Àtakò gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ ìdá kan nínú márùn-ún ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn aṣòfin àgbà 20 àti aṣojú-ṣòfin 87 bí gbogbo wọn bá pé. Ìdí méjì péré ni wọ́n lè fi takò: pé wọn ò fọwọ́ sí ìyànsípò àwọn aṣojú náà bí òfin ṣe wí, tàbí pé ìbò aṣojú kan kò tọ̀nà. Ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo ni ìpínlẹ̀ lè fi ránṣẹ́, ọjọ́ 6 ṣáájú ìpàdé ló kẹ́yìn. Bí gómìnà bá kọ̀ tàbí ó fi irọ́ ránṣẹ́, olùdíje lè gbé e lọ síwájú adájọ́ ìjọba àpapọ̀ mẹ́ta, kí ó sì gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ohun tí kóòtù bá sọ ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ kà.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kíní 2025, Kamala Harris ló darí kíkà ìbò tó gbé Trump wọlé, 312 sí 226. Kò sí àtakò kankan.

Àṣàkẹ́_Ìbàdàn

Ẹni tó bá rántí 1979 nílé wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lọ́wọ́ Amẹ́ríkà la ti mú ìlànà ààrẹ, a sì kọ ọ́ pé kí ẹni tó máa wọlé ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ṣé ìpínlẹ̀ 13 ni, àbí kí a gé Kano sí mẹ́ta? Ẹnikẹ́ni kò bèèrè kí ìbò tó wáyé. Lẹ́yìn tí Shagari ti ní ìpínlẹ̀ 12 ló di ọ̀rọ̀ láàárín òun àti Awólọ́wọ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá Shagari láre lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1979, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbúra. Bí òfin bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹ máa yanjú rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ èyí tí yóò ṣe òun láǹfààní.

Ọmọ_Aláró

Ṣé a lè sọ pé wọ́n ti dí i pa ní Amẹ́ríkà báyìí?

Àlàbí_Onítàn

Òkè ni wọ́n dí, àbúrò. Ìsàlẹ̀ ṣì ṣí. Ní 1876, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ èsì wò ní ìpínlẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì dé Washington. Ohun tí mò ń wò báyìí ni àwọn ìgbìmọ̀ káúńtì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fọwọ́ sí àròpọ̀ tó ti àwọn ibùdó wá. Òfin kò fún wọn láṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹfà 2022, káúńtì Otero ní New Mexico kọ̀ láti fọwọ́ sí ìbò abẹ́lé nítorí pé wọ́n ní àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ fún wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i, 2 sí 1. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, káúńtì Cochise ní Arizona jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Adájọ́ ní kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ibi méjèèjì, kóòtù yára. Wàhálà tó kù ni ti ọjọ́. Ní 2028, ìbò á wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá. Ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ó pẹ́ tán, kí àwọn aṣojú pàdé ní ọjọ́ 19. Ọjọ́ 36 péré ló wà láàárín ìbò àti ìwé ẹ̀rí. Bí káúńtì márùn-ún bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìpínlẹ̀ tí ìbò ti sún mọ́ra, àtúnkà, ẹjọ́ àti ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́dọ̀ tán láàárín ọjọ́ 36 yẹn.

Adúkẹ́_Amòfin

Mo fi ọ̀kan kún un. Òfin 2022 kò fọwọ́ kan ọ̀nà ilé aṣojú, kò sì lè fọwọ́ kàn án, nítorí inú ìwé òfin gan-an ló wà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kó 270, ilé aṣojú ni yóò yan ààrẹ láàárín àwọn mẹ́ta tó ṣíwájú, ìpínlẹ̀ kan ìbò kan. Wyoming tó ní aṣojú-ṣòfin 1 bá California tó ní 52 dọ́gba. Ìpínlẹ̀ tí àwọn aṣojú-ṣòfin rẹ̀ bá pín sí méjì dọ́gba kò ní ìbò. 26 ló ń gbé èèyàn wọlé. Wọ́n lò ó ní 1801, ìbò 36 ni wọ́n dì kí Jefferson tó borí Burr. Wọ́n lò ó ní 1825. Jackson ní aṣojú-olùdìbò 99, Adams 84, Adams ni wọ́n sì yàn. Kò sí òfin tó sọ ohun tí ilé máa ṣe bí àwọn ọmọ ilé tuntun kò bá tíì búra tán lọ́jọ́ 6 oṣù Kíní. Ní oṣù Kíní 2023, ìbò 15 ni wọ́n dì kí wọ́n tó rí olórí ilé yàn. Ọjọ́ 7 ló bọ́ sí. Ká ní ọdún ìbò ààrẹ ni, kò ní sí ilé tí yóò ka ìbò lọ́jọ́ kẹfà.

Káyọ̀dé_77

Ti 2023 yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo dúpẹ́. Mo gba ti Hawaii náà. Mi ò mọ̀ pé kóòtù ti dájọ́ kí Nixon tó kà á.